Apá Kejì Tí Gbogbo Ilé Ń Retí

Lọ́dún tí Bùrọ̀dá Gbóyè gbé tẹlifíṣàn àti fídíò wọ ilé wa ní Ìrókò, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Eyín iwájú mi méjì ti yọ, mo sì mọ ìró gbogbo ohun tó wà nínú ilé náà débi pé bí wọ́n bá fi aṣọ dì mí lójú, mo lè sọ ẹni tó ń kọjá. Ilé oníyàrá mẹ́fà ni, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló là wọ́n láàárín títí dé ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn obìnrin ilé ti ń ṣe gàrí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán la ti máa ń gbọ́ ọ̀bẹ lára ẹ̀gẹ́. Tó bá yá, a ó gbọ́ òkúta tí wọ́n ń tò lé àpò ẹ̀gẹ́ rínrin lórí kí omi rẹ̀ lè jáde, lẹ́yìn náà ni ìró igbá tó ń ha inú agbada bí wọ́n bá ń yan gàrí. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, a máa wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀ díẹ̀. Màmá mi a máa kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì láìla ẹnu. Bàbá mi, tíṣà ni wọ́n, agogo kẹ̀kẹ́ wọn nìkan la fi ń mọ̀ pé wọ́n ti dé. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò ní ìró kankan ni Àǹtí Bósẹ̀, ìyàwó Bùrọ̀dá Gbóyè. Ẹsẹ̀ wọn fúyẹ́, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. O lè máa ṣẹ́ àgbàdo lọ, kí o gbójú sókè, kí o rí i pé wọ́n ti jókòó tì ọ́ tipẹ́, wọ́n sì ti ṣẹ́ tiwọn dé ìdajì agbọ̀n.

Bùrọ̀dá Gbóyè ni àbúrò bàbá mi. Wọ́n ń fi ọkọ̀ ná Moniya sí Ìbàdàn, wọ́n sì ti gbé Àǹtí Bósẹ̀ níyàwó láti Akínyẹlé ní bí ọdún méjì ṣáájú ìgbà tí mò ń sọ yìí. Wọn ò tíì bímọ. Nílé wa, bí ìyàwó tuntun bá wọlé, wọ́n máa ń yan ọmọ kan tì í, tí yóò máa bá a sùn ní ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kò bá sí nílé, tí yóò máa bá a jẹun, tí yóò sì máa fi ọ̀nà odò àti ọ̀nà oko hàn án, kí àárò ilé wọn má baà pa á. Èmi ni wọ́n yàn. Nítorí pé Moniya ni Bùrọ̀dá Gbóyè máa ń sùn ní ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀ ni mò ń sùn ní yàrá Àǹtí Bósẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń dirun mi. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń bọ ìṣapá kó má baà kan jù. Mo fẹ́ràn wọn. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ èyí, kí ẹni tó ń kà á má rò pé ọ̀tá ti wà láàárín wa tẹ́lẹ̀.

Mo ti di ìyá ọmọ mẹ́ta báyìí. Moniya là ń gbé, ilé tí à ń gbé kò sì ju ìwọ̀n irínwó ẹsẹ̀ bàtà sí ọ̀nà ńlá, mo ti fi ẹsẹ̀ mi wọ̀n ọ́n nígbà tí àbíkẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwọn ọmọ mi ń wo fíìmù lórí fóònù. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ wò ó, ìparí rẹ̀ ni mo sì máa ń wò ṣáájú. Ọmọbìnrin mi àgbà sọ fún mi pé ṣe ni mò ń ba fíìmù jẹ́ fún ara mi. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kí ọmọ mi gba ọ̀nà tí n kò mọ ibi tó já sí.

Ọjọ́ Àìkú kan ni Bùrọ̀dá Gbóyè mú kasẹ́ẹ̀tì kan dé láti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá fíìmù ní Moniya. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ti jẹ ìrẹsì, iná sì wà, èyí tí kò wọ́pọ̀. Bébà ara kasẹ́ẹ̀tì náà ti ya, kò ṣẹ́ku ju “Apá Kìíní” lọ lára rẹ̀, nítorí náà n kò mọ orúkọ fíìmù náà títí dòní. Èèyàn mẹ́rìnlá ló wò ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lọ́jọ́ náà, àwa ọmọdé lórí ẹní, àwọn àgbà lórí bẹ́ǹṣì, Bàbá Télọ̀ tó ń ránṣọ ní iwájú ilé wa sì gbé àga tiwọn wá. Ìyá Àgbà nìkan ni kò wò ó. Wọ́n máa ń ní àwọn èèyàn tí àwọn ti rí lójúkojú láyé ti tó àwọn. Wọ́n jókòó síta, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí.

Fíìmù náà dá lórí ọmọkùnrin ọmọ ọdún méje kan tó ń jẹ́ Káyọ̀dé. Wọ́n rán an níṣẹ́ kẹrosíìnì nílé kan tó jọ tiwa, ilé oníyàrá púpọ̀ pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, kò sì padà dé. Wọ́n rí ìgò rẹ̀ lẹ́bàá kànga. Bàbá ọmọ náà wà nílé yẹn, ìyá rẹ̀ wà ńbẹ̀, ìyá bàbá rẹ̀ wà ńbẹ̀, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ náà sì wà ńbẹ̀, obìnrin tí kò bímọ, tó máa ń dá rìn. Ọlọ́pàá kan ti ìlú ńlá wá, ó mú ìwé kékeré dání, gbogbo ohun tí oníkálùkù bá sọ ló ń kọ. N kò tíì rí ọkùnrin tó fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí ó bá yí ojú ìwé rẹ̀ padà, a ó gbọ́ ọ. Níkẹyìn, ó kó gbogbo ará ilé jọ, ó ní, “Gbogbo yín ti sunkún ọmọ yìí níwájú mi, gbogbo yín ti dárúkọ rẹ̀. Àfi ẹnì kan tí kò tíì dárúkọ rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ọmọ, orúkọ ọmọ náà kì í lè jáde lẹ́nu rẹ̀.” Àwòrán náà wá rọra kúrò lójú rẹ̀, ó ń lọ lára àwọn tó jókòó, ó kọjá bàbá, ó kọjá ìyá, ó dúró sójú ìyàwó àbúrò bàbá, ẹni tó jẹ́ pé “Ọkọ mi kékeré” ló ń pe Káyọ̀dé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni Apá Kìíní parí sí.

 Ariwo sọ lójú ẹsẹ̀. Bàbá Télọ̀ ní àwọn ti mọ̀ láti ìgbà tí obìnrin náà ti ń fi ojú kan ro ọkà. Màmá mi ní kì í ṣe òun, pé ìyá bàbá ọmọ náà ni kí a ṣọ́. Bàbá mi, tí kì í pariwo, ní ọlọ́pàá náà kò tíì mú ẹ̀rí wá, pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Wọ́n ń jà á níyàn bí ẹni pé ojúlé kejì ló ti ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó rántí ohun tó yẹ kí wọ́n rántí, pé obìnrin ilé kì í dárúkọ ọmọ tó bá bá nílé ọkọ. Ọmọ tí wọ́n ti bí kó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, orúkọ àpọ́nlé ni yóò fún un, orúkọ náà ni yóò sì máa pè é títí láé. Gbogbo obìnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn ló ń ṣe é lójoojúmọ́. Mo ti rò ó títí, mo sì gbà pé ohun tí èèyàn bá ti ń ṣe láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, kì í rí i mọ́, gẹ́gẹ́ bí a kì í gbọ́ òórùn ilé ara wa.

Èmi ọmọdé ni mo lọ ṣe ìwádìí. Mo mú èédú kan, mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo ní n óò máa fa ìlà kan sára ògiri nígbà kọ̀ọ̀kan tí Àǹtí Bósẹ̀ bá pe orúkọ mi tàbí ti Dèjì, àbúrò mi ọmọ ọdún mẹ́fà. Orúkọ mi ni Fọlákẹ́. Eyínfúnjowó ni Àǹtí Bósẹ̀ ń pè mí, pẹ̀lú àlàfo eyín mi náà. Apọ́nbéporẹ́ ni wọ́n ń pe Dèjì nítorí ó pọ́n. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, n kò fa ìlà kan. Mo ṣe ti Màmá mi lápá kejì ògiri náà, mo sì fa ìlà mọ́kànlélógójì. Ó dá mi lójú bí ìṣirò. N kò rò ó pé ìyá mi ló bí wa, pé kò sí ohun tó ní kí wọ́n má pe orúkọ wa. N kò sì gbé etí sí ohun tí Màmá mi ń pe Bùrọ̀dá Gbóyè.

Láti ọjọ́ Ẹtì náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Mo sọ fún Ìyá Àgbà pé ẹ̀fọn pọ̀ ní yàrá Àǹtí Bósẹ̀, mo kó ẹní mi lọ sọ́dọ̀ Màmá mi. Bí Àǹtí Bósẹ̀ bá fún mi lẹ́kọ, n óò gbé e lọ sẹ́yìn, n óò fi fún adìyẹ, n óò sì dúró wo adìyẹ náà bóyá yóò kú. Kò kú. Èyí kò fi mí lọ́kàn balẹ̀, mo ní bóyá ti èèyàn yàtọ̀ sí ti adìyẹ. Àǹtí Bósẹ̀ tẹjú mọ́ mi lọ́jọ́ kan tí mo yẹra fún ọwọ́ wọn, wọ́n béèrè bóyá irun tí wọ́n dì fún mi le jù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n jókòó, wọ́n tú gbogbo rẹ̀, wọ́n tún un dì, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí mi lórí bí wọ́n ṣe ń dì í. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, mo ń ka iye òkúta tó wà láàárín mi àti ẹnu ọ̀nà.

Ká ní mo pa á mọ́ra ni, ó ṣeé ṣe kí ó ti kọjá lọ. Mo sọ fún Dèjì. Ìdí tí mo fi sọ fún un ni pé àbúrò mi ni, mo fẹ́ dáàbò bò ó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn tí a wo Apá Kìíní, àwọn obìnrin ilé wa ń jọ gàrí lẹ́yìnkùlé, Bùrọ̀dá Gbóyè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, Bàbá Télọ̀ sì wá ra gàrí. Àǹtí Bósẹ̀ gbé omi ìwẹ̀ Dèjì kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́, wọ́n na ọwọ́ láti gbé e. Dèjì kàn kúnlẹ̀ síbẹ̀, ní ìhòòhò, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé mi sí kànga.”

Bùrọ̀dá Gbóyè kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní fíìmù ti wọ ọmọ yìí lára, pé Àǹtí Bósẹ̀ kúkú jọ obìnrin yẹn díẹ̀ níbi imú. Nígbà náà ni Bùrọ̀dá Gbóyè béèrè lọ́wọ́ Dèjì pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un, Dèjì sì nawọ́ sí mi. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi. Mo ní Àǹtí Bósẹ̀ ò dárúkọ wa rí. Bàbá Télọ̀ ní, “Ọlọ́pàá ti bọ́ sílé yìí o.” Gbogbo wọn tún rẹ́rìn-ín, àfi Àǹtí Bósẹ̀, tí ọwọ́ wọn ṣì wà nínà bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbé ọmọ. Màmá mi bá mi wí, wọ́n ní kí n yé sọ ìsọkúsọ, wọ́n sì bẹ ìyàwó wọn pé kó má dá ọmọdé lóhùn. Lẹ́yìn náà ni Màmá mi dìde, wọ́n gba kànrìnkàn, wọ́n fọwọ́ ara wọn wẹ Dèjì. Lọ́jọ́ kejì àwọn náà ni. Lọ́jọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan. Wọ́n kàn máa ń ṣíwájú dé ibi omi ni.

Nígbà tí mo ṣì kéré, mo rò pé èmi ni mo ṣe Àǹtí Bósẹ̀ ní ohun tó dùn wọ́n jù. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi ni mo mọ̀ pé kànrìnkàn yẹn ni. Ìyá mi ò gbà á gbọ́. Tí o bá bi wọ́n, wọn ì bá fi Bíbélì búra pé Àǹtí Bósẹ̀ ò lè pa eṣinṣin. Ṣùgbọ́n ọmọ ni ọmọ, ìbẹ̀rù kékeré bí eyín eèrà sì tó láti gbé ìyá dìde lórí àpótí. N kò lè bá wọn wí. Mo mọ ara mi, èmi ì bá ti gba kànrìnkàn náà kí Dèjì tó sọ̀rọ̀ tán.

Àǹtí Bósẹ̀ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìrètí wọn wà nínú ohun kan, wọ́n sì sọ ọ́ jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta kànrìnkàn yẹn. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kí Apá Kejì dé. Obìnrin yẹn ò mọwọ́mẹsẹ̀, gbogbo yín máa rí i.” Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà ti di ti gbogbo ilé. Àwọn ará ilé gbà láìsọ ọ́ pé bí ọlọ́pàá yẹn bá ti rí ẹni tó gbé Káyọ̀dé, tí kì í ṣe obìnrin náà, ẹ̀rín la ó fi parí rẹ̀, Dèjì yóò padà sọ́wọ́ Àǹtí Bósẹ̀, èmi náà yóò sì kó ẹní mi padà. Ojoojúmọ́ ni Bùrọ̀dá Gbóyè ń dé ṣọ́ọ̀bù yẹn. Wọ́n á ní ẹni tó yá a ò tíì dá a padà. Wọ́n á ní ó ti dé, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti gbé e. Bí ọkọ̀ wọn bá dún ní ìta, Àǹtí Bósẹ̀ á gbé igbá gàrí sílẹ̀, wọ́n á wo ọwọ́ ọkọ wọn kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀. Bàbá Télọ̀, tí kò rò pé òun ń ṣe ibi, a máa kí wọn láàárọ̀ pé, “Ìyàwó, ọlọ́pàá ò tíì dé?” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dáhùn pé, “Ó ku díẹ̀, Bàbá.” Mo rí i pé wọ́n ti ń jẹun díẹ̀ sí i lójoojúmọ́.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni Apá Kejì dé, ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èèyàn tó wá lé ní ogún. Àǹtí Bósẹ̀, tí wọ́n máa ń jókòó sẹ́yìn, jókòó síwájú lọ́jọ́ náà, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, fíìmù náà dára. Ọlọ́pàá náà fa kànga gbẹ. Ó rí sálúbàtà kan tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ó béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ ìyá bàbá ọmọ náà, ìyá náà sì wo ilẹ̀. Ó wá bá ìyàwó àbúrò bàbá yẹn jókòó, ó ní kó sọ ohun tó mọ̀, obìnrin náà sì la ẹnu.  Obìnrin náà ní, “Èmi mọ ibi tí ọkọ mi kékeré wà.”

Ibẹ̀ ni bàbá ọmọ náà ti jí lórí àga. Ìwé ìròyìn ṣì wà lórí àyà rẹ̀. Káyọ̀dé gba ẹnu ọ̀nà wọlé pẹ̀lú ìgò kẹrosíìnì, ó ní, “Bàbá mi, mo ti dé.” Bàbá náà dì mọ́ ọn, orin bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn òṣèré sì ń gòkè lọ. Àlá ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ Apá Kìíní, oorun ọ̀sán ni ọkùnrin náà ń sùn.

Wọ́n pòṣé lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó fi ẹnu kan pòṣé. Bàbá Télọ̀ ní, “Gbóyè, ṣé oorun ẹni ẹlẹ́ni la ti ń ṣọ́ láti oṣù tó kọjá?” Ẹnì kan ní kí wọ́n dá kasẹ́ẹ̀tì náà padà, kí wọ́n bi onítọ̀hún bóyá Apá Kẹta wà níbi tí ọkùnrin náà ti tún padà sùn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbé àga wọn. Àǹtí Bósẹ̀ ò dìde. Nígbà tí orúkọ tó kẹ́yìn ti gòkè lọ tán, wọ́n yíjú sí ọkọ wọn.

“Ó ti tán?”

“Ó ti tán.”

“Ta ló wá gbé ọmọ náà?”

“Kò sẹ́ni tó gbé e. Àlá ni.”

“Obìnrin yẹn ńkọ́? Kí ló fẹ́ sọ?”

Bùrọ̀dá Gbóyè wo Màmá mi, Màmá mi wo ilẹ̀.  Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, bíi kí a máa ro ìṣirò tí tíṣà fi sílẹ̀ lójú pátákó. Ẹni tó ṣe fíìmù náà bi wá ní ìbéèrè, ó jẹ́ kí á máa dá a lóhùn láàárín ara wa fún ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó wá ní òun ò bi wá ní nǹkan kan. Lójú tirẹ̀, ó ti tú gbogbo èèyàn sílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kò rí ìdáláre gbà. Ẹni tí wọ́n fura sí nínú àlá, ta ni yóò dá a láre nígbà tí alálàá bá jí? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá mi tún wẹ Dèjì.

Lọ́jọ́ Ajé, Àǹtí Bósẹ̀ ní àwọn fẹ́ lọ kí ìyá àwọn ní Akínyẹlé. Wọ́n gbé àpótí onírin wọn lọ. Ẹni tó bá ń lọ kí ìyá rẹ̀ kì í gbé àpótí.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà pè mí sí ìdí igbá ẹ̀gúsí. Wọ́n ní kí n jókòó kí n máa bá àwọn bó o. A bó o títí kí wọ́n tó béèrè ohun tí mo fi ojú mi rí kí n tó sọ ohun tí mo sọ. Mo sọ fún wọn nípa ọlọ́pàá náà, nípa èédú, nípa ìlà mọ́kànlélógójì. Ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n béèrè ohun tí ìyá mi máa ń pe Bùrọ̀dá Gbóyè. Mo ní Agùntáṣọọ́lò ni. Wọ́n béèrè bóyá mo ti gbọ́ kí ìyá mi pe Gbóyè lẹ́ẹ̀kan rí. Mo ronú. Mo ní rárá. Wọ́n ní àwọn tí àwọn ti wọ ilé yìí kí wọ́n tó fi páànù kàn án, kí ni àwọn ń pe àbúrò ọkọ àwọn tó wà ní ojúlé kejì? Mo ní Adúmáadán ni. Wọ́n ní, “Ta ni mo pa?”

 Ìyá Àgbà pe Màmá mi jáde. Wọn ò pariwo mọ́ wọn, wọ́n kàn ní ẹyin ni ọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, wọ́n sì béèrè bóyá ó ti tó ọdún méjìlá tí Màmá mi fi ń pe ọmọ àwọn ní Agùntáṣọọ́lò. Màmá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní, “Ìyá, mo gbàgbé pé èmi náà ń ṣe é.” Wọ́n fẹ́ bá wa lọ sí Akínyẹlé. Ìyá Àgbà ní rárá, pé tiwọn ń bọ̀, pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Èmi àti Ìyá Àgbà la jọ wọ ọkọ̀. A bá Àǹtí Bósẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé ìyá wọn, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, wọ́n gbé omi wá. Ìyá Àgbà ò bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ọmọ yìí ló ní ọ̀rọ̀, wọ́n sì lọ jókòó sọ́dọ̀ ìyá Àǹtí Bósẹ̀ ní iwájú ilé. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ adìyẹ, nítorí mo rò pé bí mo bá fo ohun kan, kò ní kà. Mo ní n kò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n bó ẹ̀gẹ́ kan, wọ́n jù ú sínú omi.

“Bí fíìmù yẹn bá ti parí sí pé obìnrin náà ló pa á ńkọ́,” wọ́n ní, “ṣé ẹ̀yin méjèèjì máa wá síbí lónìí?”

Mo fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé òun ni ó yẹ kí n sọ. Mo wo omi ẹ̀gẹ́ náà.

“Mi ò mọ̀, mà.”

“Èmi náà ò mọ̀. Ohun tó gbé mi wá síbí nìyẹn.” Wọ́n mú òmíràn. “O ṣeun tó ò purọ́ fún mi.”

Wọn ò bá wa padà lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló tún kọjá, láàárín rẹ̀ Màmá mi lọ lẹ́ẹ̀mejì, Bùrọ̀dá Gbóyè lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bàbá mi náà fi kẹ̀kẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ kẹwàá, Àǹtí Bósẹ̀ dá wọkọ̀ wá fúnra wọn. Màmá mi gba àpótí náà lórí wọn, wọ́n jọ wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ohùn Màmá mi pẹ́ nínú yàrá náà. Ti Àǹtí Bósẹ̀ ò pẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá mi fa Dèjì lọ́wọ́ lọ bá Àǹtí Bósẹ̀ níbi omi, Màmá mi fúnra wọn sì jókòó sí ìdí agbada, wọ́n kẹ̀yìn sí ibi omi títí ìwẹ̀ náà fi parí. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn wọn. Ó le bí igi.

Àǹtí Bósẹ̀ bí ọmọ mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n sì pẹ́ nílé wa. Wọn ò yàn wá lódì, wọn ò sì tún mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà. Bí Bùrọ̀dá Gbóyè bá ti ki kasẹ́ẹ̀tì bọ inú fídíò, tí orin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Àǹtí Bósẹ̀ á rọra dìde, wọ́n á ní iṣẹ́ ń dúró de àwọn lẹ́yìnkùlé. Wọn kì í bínú sọ ọ́, iṣẹ́ náà sì máa ń wà lóòótọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, ibi tó dùn jù la dé. Mo wo tẹlifíṣàn, mo wo ẹnu ọ̀nà, mo dìde. Ẹnikẹ́ni ò rán mi. A jọ jókòó sí ìdí iná, àwọn ń yan gàrí, èmi ń fa igi jáde bí ó bá jó jù, a ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń wò ó nínú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é títí mo fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì, n kò sì mọ bí fíìmù kan ṣe parí mọ́ nínú ilé yẹn.